Ìfun Ló Dá Ọ̀ràn, Òróòro Ló Fara Gbá A

Aago méjì òru kọjá díẹ̀ nígbà tí ìrora náà jí mi. Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé mo gbé ọwọ́ lé àpá àtijọ́, èyí tó ti òkè ìdodo sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ikùn, mo wá ń retí. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti fi ń retí rẹ̀: ọjọ́ tí ìfun tí wọ́n gé, tí wọ́n sì rán pọ̀, máa tún dí. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló á sá. Àmọ́ ọ̀tọ̀ ni ibi tí ti alẹ́ ọjọ́ yẹn jókòó sí. Abẹ́ egungun ìhà ọ̀tún ni, lókè lọ́hùn-ún, ó sì gba inú kọjá lọ sí ẹ̀yìn èjìká bíi pé wọ́n ki irin bọ̀ mí níhà. Ìrora ìfun tó dí máa ń wá bí ìgbì: á mú, á jù sílẹ̀, á tún mú. Èyí kò jù sílẹ̀. Ó fún mi mọ́lẹ̀ fún bíi wákàtí mẹ́ta, nígbà tí ilẹ̀ sì ń mọ́ bọ̀, ó dìde fúnra rẹ̀, ó lọ, bí àlejò tí kò dágbére.

Oúnjẹ ọlọ́ràá ni mo jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà. Mi ò tíì so méjèèjì pọ̀ nígbà náà.

Ìgbà karùn-ún tó mú mi, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà lọ́dọ̀ mi. Ó bá mi níbi tí mo ká jọ sí nílẹ̀ bálùwẹ̀, kò bi mí ní ìbéèrè kankan, bàtà mi ló lọ wá. Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni títí di ìgbà yẹn. Ẹni tó bá ti dùbúlẹ̀ pẹ́ ní ọsibítù rí máa ń di òpùrọ́ nípa ara rẹ̀. “Ara le.” “Ó ti ń lọ.” “Inú ló kàn ń run mí díẹ̀.” Mo mọ irọ́ náà pa dáadáa.

Dókítà tó gbà wá tẹ abẹ́ egungun ìhà ọ̀tún mi, ó ní kí n fa èémí sínú. Èémí náà dé ìdajì ọ̀nà, ó há. Àmì kan ni wọ́n ń wá níbẹ̀, orúkọ Murphy, oníṣẹ́ abẹ ará Amẹ́ríkà kan, ni wọ́n sì fi ń pè é títí dòní. Wọ́n ta jẹ́lì sí mi níkùn, wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú. Obìnrin tó ń wò ó yí ojú ẹ̀rọ náà sí mi kí n lè rí i: àpò dúdú kékeré kan, tí àwọn nǹkan funfun jókòó sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí òkúta wẹ́wẹ́ nínú igbá.

“Òkúta ló wà nínú òróòro yín yìí, mà,” ni dókítà wí. Ó wo àpá ikùn mi. “Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún yín rí. Ìfun ibo ni wọ́n gé?”

“Ìparí ìfun kékeré, àti ìbẹ̀rẹ̀ ìfun ńlá. Àrùn Crohn ni.” Àrùn tí ń jẹ́ kí ìfun wú, kó sì máa dá egbò nìyẹn.

Ó mi orí bí ẹni tó ti gbọ́ ìtàn náà parí tẹ́lẹ̀. “A jẹ́ pé kò yani lẹ́nu.”

Ó ya èmi lẹ́nu.

Kí ọjọ́ yẹn tó dé, ohun tí mo mọ̀ nípa òróòro kò ju pé ó korò. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣe adìyẹ rí mọ̀ pé ibi ẹ̀dọ̀ ni ọwọ́ ti ń rọra, torí bí àpò kékeré yẹn bá fọ́ mọ́ ẹran, ó parí. Pé ó ń ṣiṣẹ́ kankan, mi ò rò ó rí. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe omi òróòro, ó sì ń ṣe tó 600 mìlílítà sí lítà kan lójúmọ́. Àpò òróòro fúnra rẹ̀ kì í pèsè omi kankan. Ó kàn ń bá ẹ̀dọ̀ tọ́jú u ni, á fa omi inú rẹ̀ kó lè ki, kò sì gbà ju bíi 30 sí 50 mìlílítà lọ. Nígbà tí ọ̀rá bá dé inú ìfun, àpò náà á fún ara rẹ̀, á tú ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí oúnjẹ, ọ̀rá á sì túká bí ìgbà tí ọṣẹ bá kan abọ́ olóròóró.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú ọ̀rọ̀ náà nìyí: ara kì í fi ọṣẹ yẹn ṣòfò. Iyọ̀ inú omi òróòro ló ń ṣe iṣẹ́ ọṣẹ náà, nǹkan bí ìdá 95 nínú 100 rẹ̀ ni ara sì ń gbà padà. Ẹ̀jẹ̀ á gbé e lọ fún ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ á tún rán an níṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mélòó kan lójúmọ́ ló ń pààrà ọ̀nà yìí, iyọ̀ kan náà, láìsinmi. Ẹnubodè tó sì ń gbà wọlé padà, ìparí ìfun kékeré ni. Ibẹ̀ náà ni fítámì B12 ń gbà wọ ara, ìdí nìyẹn tí mo fi ń gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta láti ọdún mẹ́sàn-án.

Ẹnubodè tèmi ti wà nínú garawa yàrá iṣẹ́ abẹ láti ìgbà náà.

Nígbà tí iyọ̀ kò bá padà tó, ẹ̀dọ̀ á máa sáré ṣe òmíràn, àmọ́ kì í lè lé e bá. Kọ́lẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tó wà nínú omi òróòro á wá pọ̀ ju ohun tí iyọ̀ tó ṣẹ́ kù lè yọ́ lọ, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Ọ̀nà kejì tún wà. Iyọ̀ tó bọ́ lọ́wọ́ ara tó ṣàn wọ ìfun ńlá máa ń jẹ́ kí bilirúbìn, èròjà tí ń pa omi òróòro láwọ̀, ráyè padà sí ẹ̀dọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, òun náà a sì máa di òkúta. Mi ò mọ irú òkúta tó jẹ́ tèmi nínú méjèèjì. Mo kàn mọ̀ pé fún oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi ń dá ẹnu mi lẹ́bi nítorí ohun tí abẹ ti gbìn sílẹ̀.

Ó bí mi nínú, mi ò ní purọ́. Mo lọ tú àpótí mi, mo wá ìwé tí wọ́n fún mi nígbà tí mo ń kúrò ní ọsibítù lọ́jọ́sí. Bí mo ṣe máa tọ́jú ojú egbò wà níbẹ̀. Pé kí n má gbé ẹrù wà níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ B12 wà níbẹ̀, wọ́n tilẹ̀ fa ìlà sí i nídìí. Òróòro kò sí níbẹ̀ rárá. Àmọ́ bí mo ṣe ń kà á, mo rántí ipò tí mo wà nígbà náà: ẹni tí aṣọ kò dúró sí lára mọ́, tí ayọ̀ rẹ̀ kò ju pé ó jẹ ṣíbí mẹ́ta, kò sì bì. Ká ní ẹnì kan jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, tó ní, “Ẹ̀yin obìnrin yìí, ó ṣeé ṣe kí òkúta ṣẹlẹ̀ sí yín nínú òróòro ní ọdún mélòó kan sí i,” ṣé máa gbọ́? Bóyá ẹnì kan sọ ọ́. Oògùn ìrora ń gbé mi káàkiri nígbà yẹn.

Ẹni tí kò bá tíì ṣiṣẹ́ abẹ níkùn rí, yíyọ òróòro fún un kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńlá mọ́ láyé òde òní. Ní ọdún 1882 ni Carl Langenbuch kọ́kọ́ yọ ọ́ fún ènìyàn ní Berlin, ọkùnrin ẹni ọdún 43 tó ti ń jẹ̀rora fún ọdún 16. Ní 1985, ará Jámánì mìíràn, Erich Mühe, gba ojú ihò kékeré yọ ọ́. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ fojú yẹpẹrẹ wo ohun tó ṣe, ìgbà tó yá ni wọ́n tó wá yẹ́ ẹ sí. Lónìí, ihò mẹ́rin ló sábà máa ń jẹ́. Wọ́n á fẹ́ afẹ́fẹ́ carbon dioxide sínú ikùn kó lè wú, kámẹ́rà á wọlé nítòsí ìdodo, ọ̀pọ̀ a sì lọ sílé lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ kejì.

Ìdodo tèmi ni àpá gbà kọjá. Oníṣẹ́ abẹ náà ya àwòrán rẹ̀ fún mi sẹ́yìn ìwé kan. Bí egbò ṣe ń fi àpá sílẹ̀ lójú awọ, bẹ́ẹ̀ ló ń fi í sílẹ̀ nínú. Ìfun á lẹ̀ mọ́ ìfun, òmíràn á lẹ̀ mọ́ ògiri ikùn, bí ìwé tí omi kán sí tó wá gbẹ. Bó bá kàn ki abẹ́rẹ́ bọ ìdodo bó ṣe ń ṣe fún ẹlòmíràn, ó lè jẹ́ pé ìfun ló wà lábẹ́ ibẹ̀ tó ń dúró dè é. Nítorí náà, ó ní apá òsì lókè, lábẹ́ egungun ìhà, lòun máa gbà wọlé, torí pé irú àpá bẹ́ẹ̀ kì í sábà dé ibẹ̀. Láti ibẹ̀ lòun á ti wo ohun tó wà nílẹ̀, òun á sì máa tú u díẹ̀díẹ̀ títí òun á fi dé ọ̀dọ̀ ẹ̀dọ̀.

“Bí mi ò bá ríran dáadáa,” ó ní, “mo máa ṣí i. Àṣìṣe tí ń bà mí lẹ́rù ni pé kí n gé ọ̀nà omi òróòro tó ti ẹ̀dọ̀ bọ̀, kì í ṣe pé kí àpá yín gùn. Kí ẹ má pe ṣíṣí i ní ìjákulẹ̀ o.”

Mo buwọ́ lu ìwé fún méjèèjì. Mo fẹ́ràn oníṣẹ́ abẹ tó ń sọ ohun tí ń bà á lẹ́rù.

Kò ṣí i. Wákàtí mẹ́ta ni wọ́n lò. Wọ́n ní ohun tó lé ní ìdajì rẹ̀ ló bá ìfun tó lẹ̀ mọ́ra lọ, òróòro gan-an kò pẹ́. Ihò márùn-ún. Nígbà tí mo jí, èjìká ló ń dùn mí ju ikùn lọ. Afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́ kù sínú ló ń dí iṣan tó wà láàárín àyà àti ikùn lọ́wọ́, èjìká ni ara sì ń gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ. Nọ́ọ̀sì ní kí n dìde, kí n máa rìn. Ó tún ń wá ní wákàtí-wákàtí pẹ̀lú ìbéèrè kan tí ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ abẹ ìfun mọ̀ bí orúkọ rẹ̀: “Ṣé ẹ ti só, mà?” Àmì pé ìfun ti ń ṣiṣẹ́ padà ni. Mo máa ń rò ó pé kò síbòmíràn tí wọ́n ti ń fi “ẹ” àti “mà” bọ̀wọ̀ fún ènìyàn lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Ọjọ́ kejì ni mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni,” gbogbo wọ́ọ̀dù sì bá mi yọ̀.

Ìrora tó ń jí mi lóru kò padà wá mọ́. Ohun mìíràn ló gba ipò rẹ̀.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ìfun, mo ti mọ́ra sí pé kí n máa yàgbẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, kó má sì le. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí òróòro kúrò, ó di ẹ̀ẹ̀meje, ó di ẹ̀ẹ̀mẹjọ. Omi lásán ni, aláwọ̀ ìyeyè tó fẹ́ jọ ewé, tó ń ta bí ata ní ibi tó bá gbà kọjá. Òwúrọ̀ ló burú jù. Kì í fún ni láyè; láàárín kó kàn mí lára àti kó dé, bóyá ìṣẹ́jú kan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ilé ìyàgbẹ́ ibi gbogbo kí n tó mọ orúkọ ibẹ̀. Mo ń jókòó sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn. Mo ń gbé aṣọ ìpààrọ̀ kiri nínú báàgì bí abiyamọ.

Àwọn dókítà tìfun ní, “Àwọn tó yọ òróòro ni kí ẹ bi.” Àwọn tó yọ òróòro ní, “Ìfun yín nìyẹn, ẹ padà sọ́dọ̀ àwọn tìfun.” Fáìlì ọ̀tọ̀ ló wà lọ́wọ́ àwọn kọ̀ọ̀kan, ìlẹ̀kùn ọ̀tọ̀, ọjọ́ ìpàdé ọ̀tọ̀. Ìwé tí wọ́n fún mi lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kejì ní bí ìgbẹ́ bá rọ̀, yóò lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí n máa jẹun bí mo ṣe ń jẹ. Òótọ́ ni fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹni tí ìfun rẹ̀ pé ni wọ́n kọ ọ́ fún. Dókítà kan tilẹ̀ sọ fún mi pé ìrònú ni, kí n fọkàn balẹ̀. Mo fọkàn balẹ̀ nínú yàrá rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, mo wá sáré jáde.

Òmùgọ̀ ni ohun tí èmi náà ṣe. Mo yọ ọ̀rá kúrò nínú oúnjẹ mi pátápátá. Mo rù. Ọwọ́ mi ń tutù. Ìgbẹ́ kò sì dáwọ́ dúró, torí pé kì í ṣe ọ̀rá nìkan ló ń fà á. Àpò tó ń tọ́jú omi òróòro ti lọ, nítorí náà ó ń kán tọ̀ọ̀ sínú ìfun tọ̀sán-tòru, oúnjẹ wà, oúnjẹ ò sí. Ẹnubodè tó yẹ kó gbà á padà ti lọ ṣáájú. Gbogbo rẹ̀ wá ń wọ́ lọ sínú ìfun ńlá, ìfun ńlá kì í sì í gba irú àlejò bẹ́ẹ̀: á da omi lé e lórí, á sì lé e jáde kíákíá. Èyíkéyìí nínú àdánù méjèèjì lè fa èyí fún ènìyàn. Èmi ní méjèèjì.

Àbúrò mi ọkùnrin, tí kì í lè rí ìbànújẹ́ kó má fi ṣe yẹ̀yẹ́, ka ibì kan pé ẹṣin kò ní òróòro, ẹyẹlé náà kò ní. Ó pè mí. “Ẹṣin ò ní in, ó sì ń sáré.”

“Èmi náà ń sáré,” mo dá a lóhùn. “Àmọ́ ẹṣin ní gbogbo ìfun rẹ̀.”

Dókítà obìnrin tó kọ́kọ́ tẹ̀ mí níhà, tó mi orí bí ẹni tó ti gbọ́ ìtàn mi tẹ́lẹ̀, òun ló tún bá mi tú u. Mo bá a pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni, kì í ṣe ọjọ́ ìpàdé mi. Ó ní àyẹ̀wò kan wà, níbi tí wọ́n bá ti ní i, tí wọ́n ń pè ní SeHCAT: èèyàn á gbé hóró oògùn kan mì, wọ́n á ya àwòrán, wọ́n á tún yà á lẹ́yìn ọjọ́ méje, bí ohun tó kù nínú ara kò bá tó ìdá 15 nínú 100, ara kò lè di omi òróòro mú nìyẹn. A ò ní i lọ́dọ̀ tiwa. Ó ní ká gbìyànjú oògùn tó ń so iyọ̀ náà mọ́lẹ̀, colestyramine, ká wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ bi mí: “Sẹ̀ǹtímítà mélòó ni wọ́n gé?”

Mi ò mọ̀. Ọdún mẹ́sàn-án, ara mi, mi ò sì mọ̀. Ìbéèrè náà kì í ṣe ojúmìító. Bí ohun tí wọ́n gé kò bá pọ̀, omi òróòro tó ń sá lọ ni wàhálà, oògùn náà á sì ràn án lọ́wọ́. Bó bá ti ju nǹkan bíi 100 sẹ̀ǹtímítà lọ, ó lè jẹ́ pé iyọ̀ tó kù kò tó yọ́ ọ̀rá mọ́, oògùn tó ń so ìwọ̀nba náà mọ́lẹ̀ sì lè sọ ọ̀rá inú ìgbẹ́ di púpọ̀ sí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wá ìwé iṣẹ́ abẹ yẹn. Wọ́n ní ó wà ní ilé ìpamọ́. Wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà. Wọ́n ní lẹ́tà mi kò dé. Ọjọ́ tí ó jáde, ojú ewé méjì péré ni, ní àárín ìlà kọkànlá ni mo ti rí i: 40. Ẹnì kan wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ náà, ó kọ ọ́ sílẹ̀ kedere, ó sì dákẹ́ síbẹ̀.

Ẹ̀tù ni oògùn náà, giráàmù 4 nínú páálí tẹ́ẹ́rẹ́ kan, wọ́n ń po ó mọ́ omi. Ó rí lẹ́nu bí iyanrìn tí wọ́n fi ọsàn tan. Mo mu ún ní òwúrọ̀ kí n tó jẹun. Ọjọ́ kẹta, mo yàgbẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo jókòó pẹ́ níbẹ̀ láìsí ìdí, mo ń sunkún, ẹ̀gbọ́n mi sì ń kan ilẹ̀kùn pé kí ló tún dé.

Kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu. Bí mo bá mu ún jù, ìgbẹ́ máa ń há mọ́ mi nínú. Ohun gbogbo ló ń so mọ́lẹ̀, àti oògùn mìíràn náà, nítorí náà mo gbọ́dọ̀ ti lo àwọn yẹn ní wákàtí kan ṣáájú, tàbí kí n dúró di wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Fítámì A, D, E àti K, tó jẹ́ pé ọ̀rá ló ń gbé wọn wọ ara, lè dín kù, wọ́n sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò fún un. Mo ti dá ọ̀rá padà sínú oúnjẹ, díẹ̀díẹ̀, kó pín káàkiri ọjọ́, kó má wà lójú kan. Oúnjẹ kékeré ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún dára fún mi ju ńlá ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Omi ni mo fi ń fọ ìdí, mi ò nù ún, mo sì ń fi ìpara zinc pa ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ti ìpara fún mi, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń lo ìlédìí ni mo wò kọ́ ọ. Omi náà ni mo ń mu púpọ̀, torí pé ẹni tí ìfun rẹ̀ bá ti kúrú tí ọ̀rá sì ń bá ìgbẹ́ lọ lè ní òkúta nínú kíndìnrín. Mi ò fẹ́ òkúta mọ́ níbikíbi.

Ọjọ́ burúkú ṣì ń wá. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní ibi tí mi ò mọ̀ rí.

Mo ti kọ ìwé kan tí mo ń gbé kiri nínú báàgì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ ìpààrọ̀. Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ méjèèjì wà níbẹ̀, apá ìfun tó lọ, 40 sẹ̀ǹtímítà, ibi tí wọ́n gbà wọlé nígbà kejì àti ibi tí wọ́n bá ìfun tó lẹ̀ mọ́ra, oògùn mi àti wákàtí wọn. Nígbà tí mo lọ kẹ́yìn, dókítà ọ̀dọ́ kan ni mo bá, ojú tuntun. Ó ti ṣí fáìlì, ó ti ń wá ojú ewé àkọ́kọ́. Mo na ìwé náà sí i. Ó kà á, ó yí i padà bóyá ìyókù wà lẹ́yìn, ó tún kà á.

“Ṣé mo lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀, mà?”

Mo ní kó ṣe méjì, ọ̀kan fún fáìlì tìfun, ọ̀kan fún ti òróòro.